Ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe lẹ́yìn ìjàǹbá ọkọ̀ ní ìwọ̀-oòrùn Ìpínlẹ̀ Kogí

Ìgbésẹ̀ lẹ́yìn ìjàǹbá ọkọ̀ ni ohun tí awakọ̀, èrò àti ẹni tó bá wà nítòsí ń ṣe láti ìgbà tí ọkọ̀ bá ti forí sọ nǹkan tàbí tó gbókìtì, títí di ìgbà tí ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn, ọlọ́pàá àti owó àtúnṣe bá parí. Ní ìwọ̀-oòrùn Ìpínlẹ̀ Kogí, níbi tí àwọn Yorùbá Okun wà (Ọ̀wẹ́ ní Kàbà, Bùnú, Ìjùmú, Yàgbà àti Ọ̀wọ̀rọ̀), àwọn ará abúlé, àwọn tó ń ti oko bọ̀ àti awakọ̀ ẹlẹgbẹ́ ẹni ló sábà máa ń débẹ̀ ṣáájú òṣìṣẹ́ ìjọba. Ọwọ́ wọn ni ẹ̀mí ẹni tó farapa máa ń kọ́kọ́ bọ́ sí.

Ọ̀nà Lọ́kọ́ja sí Kàbà gba Ọ̀bájànà kọjá, níbi tí iléeṣẹ́ sìmẹ́ńtì Dangote wà, nítorí náà tírélà pọ̀ níbẹ̀ tọ̀sán-tòru. Láti Kàbà, ọ̀nà kan gba Mọ̀pà, Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀ wọ Ìpínlẹ̀ Kwara, òmíràn sì lọ sí Èkìtì.

Ní ojú ìjàǹbá

Awakọ̀ tí ọkọ̀ rẹ̀ bá ní ìjàǹbá gbọ́dọ̀ dúró. Ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin ìrìnnà láti sá lọ, tàbí láti má fi tó ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tàbí ọlọ́pàá létí. Ohun tó sábà ń lé awakọ̀ sá ni ìbẹ̀rù pé wọn á lu òun, ẹ̀rù náà kì í sì í ṣe lásán níbi tí inú bá ti ń bí èrò. Ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ bá wà nínú ewu lè lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá tó sún mọ́ ọn jù, kó ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Lóru, ní ojú ọ̀nà tí àwọn ajínigbé ti ń yọ èèyàn lẹ́nu, bí ọkọ̀ bá ṣì ń rìn tí ẹnikẹ́ni kò sì farapa, ìlú tó wà níwájú ni ká ti dúró yẹ̀ ẹ́ wò.

Kí a pa ẹ́ńjìnì, kí a má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mu sìgá nítòsí, kí a tan iná tráfíkétọ̀ ọ̀tún àti òsì pọ̀. Sí-kọ́ṣọ̀n, igun mẹ́ta pupa tí òfin ní kó wà nínú ọkọ̀, ni à ń gbé sẹ́yìn, jìnnà tó kí ẹni tó ń sáré bọ̀ lè rí i. Bí kọ́nà tàbí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè bá wà, ṣáájú rẹ̀ ni kó wà. Ẹ̀ka igi tútù tí wọ́n máa ń jù sójú títì dára bí kò bá sí òmíràn. Òkúta ni kò dára, nítorí wọ́n sábà máa ń gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti kúrò, ọlọ́kadà tó bá kọjá lóru á sì gùn ún.

Bí ó bá jẹ́ táńkà epo, sísá jìnnà ni àkọ́kọ́. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún 2020, ní Felele ní Lọ́kọ́ja, táńkà kan tí bíréèkì rẹ̀ já kọlu àwọn ọkọ̀ mìíràn, iná sọ, èèyàn tó lé ní 20 sì kú, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà lára wọn. Ẹni tó bá gbé kẹ́ẹ̀gì lọ bu epo tó dà sílẹ̀ ń fi ẹ̀mí ta tẹ́tẹ́.

Ìtọ́jú ẹni tó farapa

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí àánú mú èèyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún wọ́ ẹni tó ṣubú jáde lọ́wọ́ àti lẹ́sẹ̀. Bí eegun ọrùn tàbí ti ẹ̀yìn bá ti ṣẹ́, wíwọ́ yẹn lè sọ ẹni tí ì bá rìn padà di arọ. Àyàfi tí iná, omi tàbí ọkọ̀ tó ń bọ̀ bá ń halẹ̀ mọ́ ọn, kí a fi í sílẹ̀ níbi tó wà, kí ẹnìkan di orí rẹ̀ mú kó má mì. Bó bá di dandan láti gbé e, kí orí, ọrùn àti ẹ̀yìn tọ́ lọ gbọọrọ, kí gbogbo ọwọ́ gbé e lẹ́ẹ̀kan náà.

Ibi tó bá ń ṣẹ̀jẹ̀, aṣọ mímọ́ ni à ń fi tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gírígírí, láìjá ọwọ́ kúrò láti wò ó bóyá ó ti dá. Irin tàbí gíláàsì tó bá wọnú ara kì í ṣe ohun tí à ń fà yọ lójú ọ̀nà. Ẹni tó dákú ṣùgbọ́n tó ń mí, ẹ̀gbẹ́ ni kí a dà á sí, kí a ti ọrùn àti ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ́yìn, kí èébì má baà fún un lọ́fun. Kò yẹ kí a fún un lómi mu. Omi lè gba ọ̀fun òdì, ó sì ń dí iṣẹ́ abẹ lọ́wọ́. Iyanrìn, epo pupa àti kẹ́rosíìnì kò ní iṣẹ́ kankan lójú ọgbẹ́.

Nọ́ńbà àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ni 122, ti pàjáwìrì gbogbogbòò sì ni 112, ọ̀fẹ́ ni méjèèjì. Kí ẹni tó ń pè sọ orúkọ abúlé tó wà lẹ́yìn àti èyí tó wà níwájú. Níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò bá sí, kí a rán awakọ̀ tó ń kọjá níṣẹ́ sí ìlú tó kàn. Ilé ìwòsàn ìjọba wà ní Kàbà, ti ìjọ ECWA wà ní Ẹ̀gbẹ̀, ilé ìwòsàn ńlá ti ìjọba àpapọ̀ sì wà ní Lọ́kọ́ja. Òfin Ìlera ti ọdún 2014 kò gbà kí ilé ìwòsàn kọ ẹni tó wà nínú pàjáwìrì fún ìdí kankan. Ìtanràn 100,000 náírà, ẹ̀wọ̀n tí kò kọjá oṣù 6, tàbí méjèèjì, ni ìjìyà rẹ̀. Kò sí ìdí tí ẹni tó gbé aláìsàn wá fi gbọ́dọ̀ máa wá ìwé ọlọ́pàá kí nọ́ọ̀sì tó fọwọ́ kàn án.

Ọ̀pọ̀ ń gba ọ̀dọ̀ teguntegun lọ kí wọ́n tó ya àwòrán eegun. Ewu tó wà níbẹ̀ kò ṣòro láti rí: bí wọ́n bá di ẹsẹ̀ le jù, ẹ̀jẹ̀ kò ní dé ìsàlẹ̀ mọ́, ẹran ara á kú, gígé ló sì máa ń gbẹ̀yìn. Ìka tó tutù, tó dúdú tàbí tó kú tipiri fi hàn pé kí wọ́n tú ìdè náà lójú ẹsẹ̀. Ẹni tí eegun rẹ̀ yọ síta kò ní ibòmíràn láti lọ ju ilé ìwòsàn lọ, kò sì gbọdọ̀ kọ abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì.

Ẹni tó dìde tó gbọn eruku ara rẹ̀ nù, tí gbogbo ilé ń kí i kú ewu, lè ní ẹ̀jẹ̀ tó ń dà nínú. Bí orí bá ń fọ́ ọ sí i, tó ń bì léraléra, tó ń sùn ju bó ṣe yẹ lọ, tàbí tí ikùn rẹ̀ ń le, kí wọ́n gbé e padà sọ́dọ̀ dókítà, ìbáà jẹ́ ọjọ́ kejì.

Ẹ̀rí, ọlọ́pàá àti adójútòfò

Kí wọ́n tó wọ́ ọkọ̀ kúrò, kí a fi fóònù ya ibi tó dúró sí, nọ́ńbà rẹ̀, ipa táyà àti ojú títì. Kí a gba orúkọ àti nọ́ńbà fóònù awakọ̀ kejì àti ti ẹlẹ́rìí. Bí ẹnikẹ́ni bá kú, ọlọ́pàá ló gbọ́dọ̀ mọ̀ kí wọ́n tó sin ín.

Adójútòfò ẹlòmíràn (third party), èyí tí òfin sọ di dandan fún gbogbo ọkọ̀, kì í tún ọkọ̀ ẹni tó rà á ṣe. Ẹni tí ọkọ̀ náà bá pa lára ló wà fún. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, 15,000 náírà ni owó rẹ̀ fún ọkọ̀ àdáni, ó sì lè san tó 3,000,000 náírà fún dúkìá tó bàjẹ́. Iléeṣẹ́ adójútòfò máa ń béèrè ripọ́ọ̀tù ọlọ́pàá, àwòrán àti iye tí mẹkáníìkì tàbí pánẹ́lì bítà bá kọ. Kí a má tíì tún ọkọ̀ ṣe kí aṣojú wọn tó wò ó.

Ìlàjà lójú ọ̀nà wọ́pọ̀, pàápàá níbi tí awakọ̀ méjèèjì bá mọ ara wọn, ó sì tó fún bọ́ḿpà tó tẹ̀. Kí wọ́n kọ iye owó tí wọ́n bá san sínú ìwé, kí ẹlẹ́rìí fọwọ́ sí i. Bí ẹnikẹ́ni bá farapa, ìlàjà kò lè dípò ripọ́ọ̀tù, nítorí owó ìwòsàn kì í fara hàn tán lọ́jọ́ kan. Ọkọ̀ tó bá dé àgọ́ ọlọ́pàá lè dúró síbẹ̀ di ìgbà tí òṣìṣẹ́ VIO (àwọn tó ń yẹ ọkọ̀ wò fún ìjọba) bá yẹ bíréèkì, sítíárì àti táyà rẹ̀ wò tó sì kọ ìwé lé e. Kí ẹni tó ni ín kó ìwé ọkọ̀ àti láísẹ́nsì dání nígbà tó bá fẹ́ gbà á.