Tí Wọ́n Bá Mú Iná Lọ Ńkọ́?

Bí ọkọ̀ bá ti ń gba Madalla kọjá, tí àpáta Zuma yọ gàgàrà lójú ọ̀nà Kaduna, ẹnì kan á sọ ọ́: àwọn kan ti gbé cable car, ọkọ̀ tí wáyà ń fà gòkè lójú òfuurufú, sórí òkè tiwọn, kí ló dé táwa ò ṣe tiwa? Kó tó dákẹ́, ohùn kan á ti dáhùn látẹ̀yìn pé, "Ní Nàìjíríà yìí? Tí wọ́n bá mú iná lọ ńkọ́?" Gbogbo ọkọ̀ á bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà tọ́ sáwọn oníná. Kò tọ́ sí cable car.

Ti òkè Table Mountain ní Cape Town, ní South Africa, ti ń gbé èèyàn gòkè láti ọdún 1929. Ọkọ̀ méjì péré ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn tí wọ́n ń lò báyìí ń gba èèyàn 65, kò sì sí ẹ́ńjìnnì nínú ìkankan. Orí wáyà nínípọn ni wọ́n rọ̀ sí. Wáyà mìíràn ló so méjèèjì pọ̀ tó ń fà wọ́n. Bí ọ̀kan ṣe ń gòkè ni èkejì ń sọ̀. Kànga tó ní garawa méjì lórí okùn kan náà ni: garawa òfìfo tó ń lọ sísàlẹ̀ ń bá apá fa èyí tó kún. Àwọn tó ń darí sílé ló ń fa àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lọ wòran. Bí èèyàn 60 bá ń sọ̀, tí márùn-ún ń gòkè, mọ́tò ò fa nǹkan kan mọ́, ó kàn ń dì wọ́n mú kí wọ́n má sáré ni.

Bíréèkì rẹ̀ ló wá gbádùn mọ́ni jù. Ti ọkọ̀ ilẹ̀, àfi kí ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kó tó mú. Tibí yìí, sípíríǹgì ló fún un pa, mímú ni ìwà rẹ̀. Agbára iná ló ń là á lẹ́nu kí ọkọ̀ tó lè rìn. Ẹ wo péègì tí wọ́n fi ń sá aṣọ. Ọwọ́ ló ń là á. Béèyàn bá jáwọ́, ó há aṣọ mọ́ okùn gbágbá. Ẹni tó sá aṣọ lè lọ sọ́jà Wuse, kó lọ kí ìyá ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Kubwa, kó jókòó jẹ ọ̀sán níbẹ̀, kí atẹ́gùn ọyẹ́ máa fẹ́ lẹ́yìn rẹ̀: aṣọ ò lọ ibì kankan. Bí wọ́n bá mú iná lọ, ọwọ́ kúrò lára péègì nìyẹn. Ọkọ̀ á dúró gbọn-in, wọ́n á sì fi ẹ́ńjìnnì oní-dísẹ́ẹ̀lì rọra kó èèyàn wọlé.

Afẹ́fẹ́ gan-an lọ̀tá. Nítorí rẹ̀ ni ọkọ̀ Table Mountain fi ń ru omi sábẹ́, ó lè tó 4,000 lítà, kí ìjì má baà máa fì í bí àdán. Bó bá dókè, wọ́n á tú omi náà sílẹ̀ fún lílò níbẹ̀. Ọkọ̀ aláfẹ́ tí gbogbo ayé ń yà ní fọ́tò, mẹ́ruwà ni lábẹ́lẹ̀.

Àbùkù rẹ̀ ò kúrò nínú ọgbọ́n yẹn náà: okùn kan ló so wọ́n pọ̀, èyí ò lè lọ kí ìyẹn dúró. Bí ẹnì kan bá fi ẹsẹ̀ kan sílẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn lókè, tó ń ya ara rẹ̀ ní fọ́tò, àwọn tó ti wọlé nísàlẹ̀ náà á máa dúró dè é. Lọ́jọ́ ọdún, kò síbi tí wọ́n máa fi ẹ̀kẹta sí. Tí ìjì bá sì le, wọ́n á ti ibẹ̀ pa, bí iná tilẹ̀ ń tàn rokoṣo.