Òǹtẹ̀ Ìpínlẹ̀ Kò Sọ Báńgà Di Ẹ̀tọ́ ní Los Angeles

Lọ́dọọdún, bí oṣù Kẹfà bá ti ń parí lọ, tí àwọn ará Los Angeles ń múra àjọ̀dún òmìnira Amẹ́ríkà tó máa ń bọ́ sí ọjọ́ 4 oṣù Keje, ìbéèrè kan náà ni àwọn òbí máa ń bi èmi tí mò ń kọ́ni ní ààbò iná: ṣé àwọn lè tan báńgà tó bá ti ní òǹtẹ̀ ìpínlẹ̀? Lẹ́yìn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan, ìyá kan mú mi dé ìdí ọkọ̀ rẹ̀, ó ṣí bọ́ọ̀tù, ó yí páálí báńgà kan padà, ó sì fi ìka tọ́ka sí òǹtẹ̀ ọ̀gá àgbà panápaná ìpínlẹ̀ California tó wà lára rẹ̀. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ wò ó, ìjọba fọwọ́ sí i." Òótọ́ ló sọ, ṣùgbọ́n ìjọba ìpínlẹ̀ ló fọwọ́ sí i, kì í ṣe ìlú tó ń gbé.

Òfin California ni pé báńgà tó bá ní òǹtẹ̀ yẹn nìkan ni wọ́n lè tà fún ará ìlú, wọn kò sì lè tà á àfi ní ìlú tí ìgbìmọ̀ rẹ̀ bá gbà á láàyè. Ìlú Gardena gbà á láàyè. Los Angeles kò gba ẹyọ kan. Bẹ́ẹ̀ Gardena àti àdúgbò Harbor Gateway, tí í ṣe ti Los Angeles, fara kanra débi pé títì lásán lè jẹ́ ààlà wọn, ẹni tó bá sì ra báńgà lápá kan tó wá tàn án lápá kejì ti rú òfin tí ìyà rẹ̀ lè tó owó ìtanràn 1,000 dọ́là àti ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà. Wáyà tín-ín-rín tó ń ta pàrà, tí àwọn òbí máa ń fi lé ọmọ ọdún mẹ́ta lọ́wọ́, wà lára ohun tí òfin náà kà léèwọ̀, mo sì fara mọ́ ọn pátápátá, nítorí ooru orí rẹ̀ lè yọ́ wúrà.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni èyí tí kò ní òǹtẹ̀ rárá. Àwọn kan ń wakọ̀ lọ sí ìpínlẹ̀ Nevada láti kó èyí tó ń fò sókè wá tà, àwọn mìíràn sì ń ta M-80, ọ̀pá páálí kékeré tó kúrú bí ìka, tí ìjọba àpapọ̀ ti kà léèwọ̀ láti ọdún 1966. Báńgà ilẹ̀ tí òfin àpapọ̀ gbà láàyè kò gbọdọ̀ ní ju 50 mílígíráàmù ẹ̀tù lọ nínú. M-80 lè ní gíráàmù 3, ìyẹn ìlọ́po 60. Ẹ gbé méjèèjì sórí àtẹ́lẹwọ́, ojú yín kò lè sọ irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ fún yín.

Ojú akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ pàápàá kò lè sọ ọ́. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà ọdún 2021, àwọn ọlọ́pàá Los Angeles ká ẹrù báńgà tó ju 32,000 pọ́ùn lọ mọ́ ilé kan ní East 27th Street. Wọ́n ṣa àwọn tó léwu jù láti gbé, wọ́n sì kó wọn sínú ọkọ̀ onírin tí wọ́n ti máa ń bú àdó olóró, èyí tí kò yẹ kó gbà ju pọ́ùn 33 ohun abúgbàù lọ. Wọn kò gbé e sórí òṣùwọ̀n. Ojú ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Ìwádìí fi hàn lẹ́yìn náà pé ohun tó wà nínú rẹ̀ ju pọ́ùn 42 lọ. Nígbà tí wọ́n bú u, ọkọ̀ náà fọ́ yángá, ènìyàn 17 fara pa, ọ̀pọ̀ ìdílé sì di aláìnílé. Báwo wá ni bàbá kan ṣe fẹ́ fi ojú wọn èyí tó tò sínú gáréèjì rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tó ń fi gáàsì gbé omi kaná?

Mímú àti ìtanràn nìkan kò lè yanjú rẹ̀, nítorí kí ọlọ́pàá tó dé ibi tí aládùúgbò pè wọ́n sí, ẹni tó tanná ti wọlé. Àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ ìlú kan ti ṣètò ibi tí ènìyàn ti lè kó báńgà sílẹ̀ láìdárúkọ, kí ó sì gba káàdì ìrajà dípò rẹ̀. Lójú tèmi, èyí ló dára jù nínú gbogbo ìgbìyànjú wọn, torí pé ó ń mú ẹ̀tù kúrò nínú ilé kí alẹ́ ọdún tó dé. Bí kò bá sí irú rẹ̀ nítòsí yín, ẹ má jù ú sínú àgbá ìdọ̀tí, ẹ má sì gbé e sọ́kọ̀. Ẹ pe nọ́ńbà ọlọ́pàá tí kì í ṣe ti pàjáwìrì. Ní àárọ̀ ọjọ́ 5, ẹ jáde síta ṣáájú àwọn ọmọ. Bí ẹ bá rí èyí tí kò bú lójú títì, ẹ fi rọ́bà omi wọ́n omi sí i láti òkèèrè títí yóò fi rin gbingbin, kí ọwọ́ ẹnikẹ́ni tó kàn án.