Kì í ṣe fúláwà ló ń mú kí òkè crumble rún

Nínú gbogbo ohun tí àwọn tó ń yan nǹkan nílé gbà gbọ́ nípa crumble, ọ̀kan wà tó ń ba èso aládùn jẹ́ ju ìyókù lọ: pé bí òkè rẹ̀ bá rọ̀ pẹ̀tẹ̀, fúláwà ni kò tó, kí a tún bù sí i. Ó jọ òótọ́ lóòótọ́. Fúláwà gbẹ, ohun tó ń rún náà gbẹ, kí ló wá kù? Ẹni tó bá tẹ̀ lé e yóò gbé abọ́ jáde nínú ófùn, yóò bá ìyẹ̀fun funfun lórí èso, kò pọ́n, kò dún lẹ́nu, ó kàn ń lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu ni. Lẹ́yìn ìyẹn, yóò ní crumble kì í ṣe oúnjẹ òun. Ó máa ń dùn mí tí mo bá gbọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí pé nínú ohun tí a ń yan, díẹ̀ ló rọrùn tó èyí.

Fún ẹni tí kò bá a pàdé rí: oúnjẹ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni. Èso tí a gé sínú abọ́ ló wà nísàlẹ̀, fúláwà, bọ́tà àti ṣúgà tí a fi ìka rún pọ̀ ló wà lókè, ófùn ló ń parí iṣẹ́. Àwọn ará Amẹ́ríkà ní cobbler, tí wọ́n fẹ́ràn láti fi píìṣì ṣe, ṣùgbọ́n fúláwà pípò tó rọ̀, tó sì ń wú, ni wọ́n ń fi ṣíbí dà sórí tiwọn. Èyí tó ń rún ni mò ń sọ.

Ẹ wo ohun tí fúláwà ń ṣe. Púrótéènì wà nínú rẹ̀, bí omi bá sì kàn án tí ọwọ́ ń pò ó, púrótéènì yẹn á so kọ́ra, á di okùn tó ń fà, èyí tí wọ́n ń pè ní gluten. Òun ló ń jẹ́ kí búrẹ́dì máa fà bí a bá ya á. Fúláwà tí a dá dá, láìsí ohun tó dí i lọ́wọ́, ọ̀nà búrẹ́dì ló mọ̀. Bọ́tà ló ń dí i lọ́wọ́. Ọ̀rá inú bọ́tà á bo hóró fúláwà lára, omi ò ní ráyè kàn án, okùn ò ní gùn, ibi tí okùn ò bá sì ti gùn ni nǹkan ti ń fọ́ wómúwómú. Nígbà tí a bá wá da fúláwà kún un láìfi bọ́tà kún un, àwọn hóró tuntun yìí kò rí ọ̀rá bora. Oruku ni wọ́n jẹ́. Ooru omi tó ń gòkè láti ara èso á rin wọ́n, wọ́n á sì di lẹ́ẹ̀ nísàlẹ̀, nígbà tí tòkè ṣì jẹ́ oruku.

Ẹni tó bá ti ṣe mítí páì rí mọ ibi tí mò ń lọ. Ṣé a máa ń fi ìka rún bọ́tà mọ́ fúláwà títí yóò fi rí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ kí a tó dá omi sí i? Crumble dúró síbẹ̀. Kò sí omi, kò sí pípò.

Ìwọ̀n tó ti ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kí bọ́tà jẹ́ ìdajì fúláwà, kí ṣúgà náà jẹ́ ìdajì: 200 gíráàmù fúláwà, 100 bọ́tà, 100 ṣúgà. Ẹ wọ̀n ọ́n lórí ìwọ̀n, ẹ má fi ife bù ú, torí fúláwà tí a kì mọ́ inú ife pọ̀ ju èyí tí a rọra bù lọ. Àwọn kan yóò sọ pé ìlànà àtijọ́ tí àwọn ní kò gba bọ́tà tó bẹ́ẹ̀. Ó ní ohun tó lè fà á. Ní ọjọ́ 8 oṣù kìíní ọdún 1940, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọn bọ́tà, ṣúgà àti bẹ́kìnnì fún aráàlú nítorí ogun àgbáyé kejì, kí ẹnikẹ́ni má baà rà ju ìpín tirẹ̀ lọ, wíwọn oúnjẹ ò sì tán pátápátá títí di ọdún 1954. Crumble gbilẹ̀ nígbà náà nítorí pé ọ̀rá tó ń gbà kò tó ti páì. Ẹni tó bá dín bọ́tà kù nígbà yẹn, ọ̀wọ́n ló fà á. Kò sí ohun tó yẹ kó sọ ọ́ di òfin fún wa.

Kí bọ́tà tutù tún ṣe pàtàkì. Nínú bọ́tà, nǹkan bí ìdá 80 nínú 100 ni ọ̀rá, ìdá 16 tàbí jù bẹ́ẹ̀ díẹ̀ sì jẹ́ omi. Bó bá yọ́ sí wa lọ́wọ́, gbogbo rẹ̀ á di ìṣù kan, òkè á sì le bí ó bá jinná. Nílẹ̀ olóoru bíi tiwa, ẹ gbé abọ́ àti fúláwà pàápàá sínú fíríìjì, kí ẹ sì lo orí ìka, torí àtẹ́lẹwọ́ gbóná jù. Bí bọ́tà bá ti dì gbagidi, ohun tí a fi ń rin ilá lè rin ín sínú fúláwà. Bí kò bá sí iná, ẹ gbé abọ́ lé orí yìnyín. Ní ti màgàrínì inú ike, ẹ kọ́kọ́ wo iye ọ̀rá tí wọ́n kọ sí ara rẹ̀. Òmíràn wà tí omi inú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì, kò lè ṣe iṣẹ́ yìí.

Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́ lè dán an wò. Ẹ bu ẹ̀kún ọwọ́ kan nínú àpòrún náà, ìyẹn fúláwà, bọ́tà àti ṣúgà tí a ti rún pọ̀, sórí páànù pẹlẹbẹ, ẹ yan án lọ́tọ̀, kí ìyókù wà lórí èso. Ti orí páànù yóò pọ́n, yóò sì máa dún lẹ́nu. Bí ti orí èso bá rọ̀, a jẹ́ pé èso ni ọ̀rọ̀ kàn, torí fúláwà kan náà ló wà nínú méjèèjì. Àwọn alásè ilé oúnjẹ mìíràn kúkú máa ń yan òkè lọ́tọ̀, wọ́n á wá bù ú sórí èso gbígbóná.

Nítorí náà, omi èso ni ká mójú tó. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ápù Bramley ni wọ́n fẹ́ràn jù fún iṣẹ́ yìí: ó kan gan-an, ó sì máa ń rọ̀ pẹ̀tẹ̀ bí iná bá kàn án. Mary Ann Brailsford ló gbin irúgbìn tí igi rẹ̀ àkọ́kọ́ ti hù ní Southwell, ní ọdún 1809. Ní ọ̀dọ̀ wa, máńgòrò tó gbó ṣùgbọ́n tí kò tíì rọ̀ dára púpọ̀, pẹ̀lú omi ọsàn wẹ́wẹ́ díẹ̀, torí adùn nìkan kò tó. Ọ̀pẹ̀yìnbó ní omi jù. Ẹ kọ́kọ́ gbé e kaná títí omi rẹ̀ yóò fi gbẹ díẹ̀. Fún bíi kílò kan èso, ẹ fi ṣíbí ìjẹun méjì kọ́ọ̀nfíláwà pò ó mọ́ ṣúgà. Ọ̀rọ̀ ògì ló wà ńbẹ̀ yẹn: èyí tí omi rẹ̀ kò hó kì í di ẹ̀kọ, bó bá sì jinná tán, ó ṣì ń ṣàn, ó di ìgbà tó bá tutù kó tó dì. Ẹ má yọ abọ́ kúrò nínú ófùn títí omi èso yóò fi máa hó láàárín, kì í ṣe létí nìkan, kí ẹ sì jẹ́ kó sinmi bíi ìdajì wákàtí. Èyí tí ẹ bù nígbà tó ṣì ń hó yóò ṣàn, kò túmọ̀ sí pé kò jinná.

Ẹ rọra fọ́n àpòrún sórí èso, ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Àlàfo inú rẹ̀ ni ooru omi ń gbà jáde. Ófùn tó wà ní 180 sí 190 digíríì yóò ṣe é láàárín nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú. Ẹni tó ń fi ìkòkò oníyanrìn yan nǹkan gbọ́dọ̀ kó ẹyín iná sórí ìdérí, torí iná ìsàlẹ̀ nìkan kò ní mú òkè pọ́n láéláé.

Bó bá jáde, ẹ má dé e nígbà tó ṣì gbóná, àfi tí ẹ bá fẹ́ kí gbogbo ohun tí ẹ ṣe lókè rọ̀ padà. Bó bá sì ṣẹ́ kù di ọjọ́ kejì, inú ófùn ni kí ẹ ti gbé e gbóná. Makirowéfù máa ń mú un rọ̀.