Ohun tó ń na irun kò mọ ibi tí awọ orí ti bẹ̀rẹ̀

Bí irun tó ká bá rin omi, tí wọ́n nà án tí wọ́n sì fi afẹ́fẹ́ gbígbóná gbẹ ẹ́, á nà gbọọrọ. Òjò kan péré, tàbí òógùn díẹ̀, ó ti padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Omi àti ooru kò dé ibi tí irun ti mú kíká rẹ̀ wá ni. Kẹ́rátìn ni wọ́n ń pe èròjà tí irun fi di irun. Ó dà bí okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tó dúró ti ara wọn, imí ọjọ́ ló sì so wọ́n pọ̀: imí ọjọ́ kan láti ara okùn yìí, òmíràn láti ara okùn kejì, wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú. Ìdè yìí ló ń mú kí irun ká. Ẹni tó bá fẹ́ kí irun nà kí òjò má sì lè yí i padà, àfi kó já ìdè náà.

Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Kẹ́rátìn tó wà nínú irun ló bo awọ orí náà lókè, òun ló sì wà nínú èékánná. Oògùn tó bá lágbára débi pé ó ń já ìdè irun kò lè dé ara awọ kó ní òun kò ṣe níbẹ̀.

Rílásà ni wọ́n ń pe irú oògùn tó ń na irun báyìí. Èyí tó múná jù nínú wọn ni èyí tí wọ́n fi kọ́sítíìkì ṣe, kọ́sítíìkì kan náà tí wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ. Lórí òṣùwọ̀n tí wọ́n ń pè ní pH, tí wọ́n fi ń mọ bóyá nǹkan kan bí ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí ó múná bí kọ́sítíìkì, omi lásán wà ní 7, awọ orí wà nítòsí 5, rílásà sì máa ń wà láàárín 12 sí 14. Ìlọ́po mẹ́wàá ni ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan lórí òṣùwọ̀n yìí, nítorí náà láti 7 dé 12, mímúná náà ti di ìlọ́po 100,000, ọ̀kẹ́ márùn-ún gbáko. Bí rílásà bá ti kan irun, irun á wú, oògùn á wọ inú rẹ̀, á já ìdè, á sì yọ imí ọjọ́ kan kúrò nínú méjèèjì. Ẹyọ kan tó kù kò lè fa okùn méjèèjì padà sí ipò àtijọ́. Ìdí nìyẹn tí irun tó ti gba rílásà kì í fi í ká mọ́. Èyí tó bá hù tuntun nìkan ló ń ká.

Àwọn ike kan wà tí wọ́n kọ sí lára pé kò sí kọ́sítíìkì nínú wọn. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òótọ́ náà kò pé. Calcium hydroxide ni wọ́n ń pò mọ́ guanidine carbonate, bí méjèèjì bá sì pàdé, wọ́n á di guanidine hydroxide, tí pH rẹ̀ kò jìnnà sí ti kọ́sítíìkì. Ó lè má tètè ta awọ, ṣùgbọ́n ó ń fi calcium sílẹ̀ lára irun, irun á gbẹ, á sì máa kán. Oògùn mìíràn tún wà, thioglycolate, tó ń já ìdè kan náà. Òun náà ló wà nínú ọ̀pọ̀ ìpara tí wọ́n fi ń pa irun apá àti ti ẹsẹ̀ rẹ́. Agbára rẹ̀ àti iye ìṣẹ́jú tó lò lára irun ló ń sọ bóyá irun á nà tàbí á yọ́ dànù.

Lórí àga, bí ó ṣe sábà ń lọ nìyí. Onírun, ìyẹn ẹni tó ń ṣe irun fúnni, á fi ìpara ọlọ́ràá yí etí àti iwájú orí ká, á bẹ̀rẹ̀ láti ìpàkọ́. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹni tó jókòó á ní, “Ó ti ń ta mí o.” Onírun á ní, “Ẹ fara dà á díẹ̀, àárín kò tíì mú un.” Títa yẹn kì í ṣe àmì pé oògùn ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Awọ ló ti ń jẹ. Bí ẹni náà bá ti fi èékánná họ orí lánàá, tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tú irun tí wọ́n dì le, ojú ọgbẹ́ tí kò ṣeé fojú rí ti ṣílẹ̀ de oògùn náà. Lọ́jọ́ kejì, èépá á ti gbá jọ, omi ọgbẹ́ á sì ti lẹ irun mọ́ra. Bí jíjó náà bá dé ibi tí irun ti ń hù, àpá á dí ibẹ̀, irun kì í sì í hù níbẹ̀ mọ́.

Ìgbà tó bá ta ni ìgbà tó yẹ kí wọ́n fọ̀ ọ́, yálà irun ti nà tán tàbí kò tíì nà. Ọṣẹ ìfọrun kan wà tí wọ́n ṣe fún èyí, tí ìfófòó rẹ̀ máa ń pọ́n bí rílásà bá ṣì kù nínú irun. Títí ìfófòó á fi funfun ni wọ́n ń fọ̀ ọ́.

Èyí tó ń ta ṣì dára díẹ̀, torí ó ń kéde ara rẹ̀. Àwọn mìíràn kì í ta. Lára ike, “fragrance” tàbí “parfum” jẹ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ kẹ́míkà ló lè wà lábẹ́ rẹ̀, títí kan phthalates tó ń da họ́mónù ara rú. Awọ tó ti jó kò sì lè dí wọn lọ́nà bíi ti awọ tí kò lọ́gbẹ́. Ní ọdún 2022, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ìjọba Amẹ́ríkà gbé àbájáde ìwádìí kan jáde lórí obìnrin 33,497 tí wọ́n ti ń tọ́pa wọn fún nǹkan bí ọdún 11. Àwọn 378 nínú wọn ló ní jẹjẹrẹ ilé ọmọ. Nínú ìṣirò wọn, ìdá 1.64 nínú 100 àwọn tí kò lo oògùn nína irun ni yóò ti ní àrùn yìí kí wọ́n tó pé 70 ọdún. Ti àwọn tó lò ó ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ láàárín ọdún kan jẹ́ ìdá 4.05. Irú ìwádìí báyìí kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé oògùn náà ló fà á, wọn kò sì kọ orúkọ ọjà tí obìnrin kọ̀ọ̀kan lò sílẹ̀. Síbẹ̀, ìyàtọ̀ yẹn kì í ṣe èyí tó yẹ kí ẹnikẹ́ni fojú fò.

Ọ̀nà kejì tí wọ́n ń gbà na irun ni èyí tí wọ́n ń pè ní kẹ́rátìn tàbí “Brazilian”. Orúkọ náà dùn létí, bí ẹni pé wọ́n ń bọ́ irun ni. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, formaldehyde ló ń ṣe iṣẹ́ náà: ó ń so kẹ́rátìn pọ̀ lọ́nà tuntun nígbà tí áyọ́ọ̀nù tó gbóná tó 230°C bá ń na irun. Formaldehyde tí wọ́n pò mọ́ omi ni fọ́málìn, èyí tí wọ́n fi ń tọ́jú òkú kó má bàa jẹrà. Gáàsì ni formaldehyde fúnra rẹ̀. Bó bá wọ inú omi, á di methylene glycol, orúkọ yìí sì làwọn kan ń kọ sára ike. Áyọ́ọ̀nù á wá gbé ooru lé e, omi á gbẹ, gáàsì á sì jáde sí iwájú ẹni tó jókòó àti ẹni tó dúró tì í. Láti ọdún 2004 ni IARC, ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ń rí sí jẹjẹrẹ, ti kà á mọ́ àwọn ohun tó dájú pé wọ́n ń fa jẹjẹrẹ lára ènìyàn. Ní ọdún 2010, ní ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà, àwọn onírun ń ṣẹ̀jẹ̀ nímú, ojú ń ta wọ́n. Nígbà tí àjọ ààbò òṣìṣẹ́ ibẹ̀ yẹ ọjà náà wò, formaldehyde ló wà nínú ìgò tí wọ́n kọ “kò ní formaldehyde” sí lára.

Bí ariwo ṣe pọ̀ lórí rẹ̀, àwọn kan yí sí glyoxylic acid. Òun náà lè tú formaldehyde sílẹ̀ bí ooru áyọ́ọ̀nù bá kàn án, ó sì tún ní wàhálà tirẹ̀. Ní ọdún 2024, àwọn dókítà ní Fáránsé kọ̀wé nípa obìnrin kan tí àìsàn kò ṣe tẹ́lẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló na irun láàárín ọdún 2020 sí 2022, ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ni kíndìnrín rẹ̀ dáṣẹ́ sílẹ̀ lójijì, tí èébì, ibà àti ẹ̀yìn dídùn ń bá a rìn. Wọ́n fi ìpara náà pa eku lára, calcium oxalate, èròjà tó máa ń di òkúta inú kíndìnrín, sì gbá jọ sínú kíndìnrín àwọn eku náà. Àlàyé wọn ni pé oògùn náà gba awọ orí wọlé, ara sì sọ ọ́ di oxalate. Ẹni tó bá ń bì, tí ẹ̀yìn ń dùn, tí ìtọ̀ rẹ̀ sì dín kù lẹ́yìn tó na irun, kó má fi oògùn ara ríro lásán bò ó. Kó sọ ohun tí wọ́n fi sí orí rẹ̀ fún dókítà.

Ẹni tó jókòó lórí àga á dìde, á lọ sílé. Onírun ló kù sínú yàrá yẹn, orí mìíràn ń bọ̀. Gáàsì máa ń jáde nígbà tí wọ́n bá ń fi afẹ́fẹ́ gbígbóná gbẹ irun, nígbà tí wọ́n bá ń lọ̀ ọ́, àti nígbà mìíràn bí wọ́n bá tún fọ̀ ọ́. Ìbòmú aláṣọ ń dá eruku dúró, kò lè dá gáàsì dúró. Fáànù tó ń yí afẹ́fẹ́ yàrá po lásán kò gbé e kúrò. Èyí tó ń tì í jáde sí ìta ló wúlò. Òfin iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà kò fẹ́ kí formaldehyde ju ìdá 0.75 nínú mílíọ̀nù kan afẹ́fẹ́ lọ láàárín wákàtí 8, tàbí ìdá 2 láàárín ìṣẹ́jú 15. Imú kò lè wọn ìyẹn. Bí imú bá ti pẹ́ nínú òórùn náà, kì í gbọ́ ọ mọ́ bó ṣe gbọ́ ọ láàárọ̀, bẹ́ẹ̀ gáàsì ṣì wà nínú yàrá. Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi kọ́ ọrùn aṣọ òṣìṣẹ́, nítòsí ibi tó ti ń mí, ló ń sọ iye tó wà níbẹ̀.