Kọ̀ǹpútà Orí Tábìlì: Ṣé Kí N Ra Èyí Tí Wọ́n Ti Tò, àbí Kí N Tò Ó Fúnra Mi?

Ẹni tó bá ń wo fídíò àwọn òyìnbó lórí YouTube á gbà pé kéèyàn ra ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan kó sì tò ó fúnra rẹ̀ ló dínwó jù. Tó bá wá dé Ọ̀tígbà, ọjà kọ̀ǹpútà ní Ìkẹjà, tó ṣírò owó ọwọ́ rẹ̀, á rí i pé òdìkejì ohun tí wọ́n sọ ni. Ibi tó ń rú ọ̀pọ̀ èèyàn lójú nìyẹn, ibẹ̀ náà la ó ti bẹ̀rẹ̀.

Kí ló dé tí títò ó fúnra ẹni fi wọ́n ju ríra lọ ní Ìkẹjà?

Ohun tí à ń fi wéra lọ́dọ̀ tiwa kì í ṣe ohun tí àwọn ń fi wéra lọ́hùn-ún. Ní Amẹ́ríkà, tuntun ni wọ́n ń fi wé tuntun: tuntun inú páálí láti ọ̀dọ̀ Dell tàbí HP, àti tuntun tí ẹni náà máa fọwọ́ ara rẹ̀ tò. Èyí tí wọ́n ti tò tí èèyàn sábà máa ń rà ní Ìkẹjà kì í ṣe tuntun, tòkunbọ̀ ni. Àwọn báńkì, ilé-ìwé àti iléeṣẹ́ ìjọba nílùú òyìnbó máa ń pààrọ̀ kọ̀ǹpútà wọn lẹ́yìn ọdún mélòó kan, yálà ó bàjẹ́ ni o, yálà kò bàjẹ́. Òkìtì-òkìtì ni wọ́n ń kó o jáde, àwọn oníṣòwò á rà á, wọ́n á dì í sínú kọ̀ńtéínà, ó di Èkó. Dell OptiPlex, HP EliteDesk, Lenovo ThinkCentre: kò sí ọmọ ọjà tí kò mọ̀ wọ́n. Ẹni tó kọ́kọ́ rà á ló san owó ńlá. Ohun tó ṣẹ́kù lẹ̀yin ń rà, ohun tó ṣẹ́kù náà kì í sì í ṣe kékeré.

Ti ẹ̀yà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ló ń wọlé, tuntun ló sábà máa ń jẹ́, dọ́là ni wọ́n sì fi ń rà á. Láti Oṣù Kẹfà ọdún 2023 tí Báńkì Àpapọ̀ ti fi náírà sílẹ̀ kí ọjà máa pinnu iye rẹ̀, ẹni tó ń kó graphics card (ẹ̀yà tó ń gbé àwòrán jáde) wọlé kò lè ta á bó ṣe ń tà á tẹ́lẹ̀. Nígbà tó fi máa di ìparí 2025, owó RAM (ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí) náà gbéra sókè kárí ayé, torí àwọn iléeṣẹ́ tó ń ṣe é rí oníbàárà tó ń san jù lọ́dọ̀ àwọn tó ń kọ́ ibùdó AI ràgàjì-ragaji. Tòkunbọ̀ tí RAM 16GB ti wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ wá di ohun tí èèyàn ń rọra wò lẹ́ẹ̀mejì.

Ṣé ohun tó wà nínú èyí tí iléeṣẹ́ tò yàtọ̀ sí ohun tí èmi máa rà ni?

Ní ọ̀pọ̀ ibi, rárá. Nígbà tí IBM gbé PC rẹ̀ jáde ní 1981, kò ṣe gbogbo rẹ̀ fúnra rẹ̀: Intel ló ni processor (ọpọlọ kọ̀ǹpútà), Microsoft ló mú ètò tó ń darí rẹ̀ wá. Láti ìgbà náà ni kọ̀ǹpútà irú èyí ti di àtòpọ̀, ì báà jẹ́ iléeṣẹ́ ló tò ó tàbí ọmọ àdúgbò. Zinox tí wọ́n gbé jáde ní Nàìjíríà ní 2001 náà, àtòpọ̀ ni. Processor Intel inú OptiPlex àti èyí tí ẹ máa rà nínú páálí, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, bẹ́ẹ̀ náà ni RAM àti SSD (ibi tó ń tọ́jú fáìlì sí).

Ìyàtọ̀ wà níbi tí ọ̀pọ̀ ọlọ́jà kì í mẹ́nu bà, ìyẹn power supply (èyí tó ń pín iná fún ẹ̀yà gbogbo) àti motherboard (pátákó tí gbogbo ẹ̀yà ń so mọ́). Ní 1995, Intel gbé ìlànà kan kalẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ATX. Ó là á sílẹ̀ bí motherboard ṣe gbọ́dọ̀ tóbi tó, ibi tí ihò ìdè rẹ̀ máa wà, àti bí ẹnu wáyà power supply ṣe máa rí. Ohunkóhun tó bá tẹ̀ lé ìlànà yìí, ẹ lè fi ti iléeṣẹ́ mìíràn rọ́pò rẹ̀ láìsí wàhálà. Wáyà ńlá tó ń gbé iná wọ motherboard ATX, pin (eyín irin inú ẹnu wáyà) 24 ló ní. Ẹ wá ṣí inú ọ̀pọ̀ OptiPlex tàbí EliteDesk tí wọ́n ṣe láti nǹkan bíi 2013, pin 6 tàbí 8 lẹ máa bá níbẹ̀. Iléeṣẹ́ ti yí i sí bó ṣe wù ú.

Lọ́jọ́ tí power supply yẹn bá jóná, ẹ kò kàn lè wọ ìsọ̀ kẹ́ ẹ ní kí wọ́n fún yín ní òmíràn. Irú rẹ̀ gan-an lẹ máa wá, tàbí wáyà tó máa so ATX mọ́ ọn. Èyí kò le ní Ìkẹjà, torí òkú OptiPlex pọ̀ nílẹ̀ níbẹ̀ tí wọ́n ń tú ẹ̀yà lára wọn. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ Ìsẹ́yìn tàbí Ìkàrẹ́ lẹ ń gbé, ó lè gbà yín tó ọjọ́ mélòó kan láìlo kọ̀ǹpútà. Èyí tí ẹ bá fọwọ́ ara yín tò kò ní fi irú ìyà yìí jẹ yín.

Wọ́n ní i7 ni, owó rẹ̀ sì mọ níwọ̀n. Ṣé kí n gbé e?

i7 àti i3 jẹ́ orúkọ tí Intel fi ń pe processor rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n léèrè nọ́ńbà tó tẹ̀ lé i7 náà. i7-4770 jáde ní 2013, i3-12100 jáde ní 2022. Core (apá inú processor tó ń ṣe iṣẹ́ gan-an) mẹ́rin ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, síbẹ̀ i3 yẹn máa fi i7 yẹn sẹ́yìn. Nọ́ńbà tó ṣáájú lẹ́yìn dáàṣì ló ń sọ ìran rẹ̀: 4770 jẹ́ ìran kẹrin, 8500 ìran kẹjọ, 12100 ìran kejìlá. "i7" tí wọ́n fi bébà lẹ̀ mọ́ iwájú kéèsì kò sọ nǹkan kan fún yín.

Ìran kẹjọ ni kí ẹ fi ṣe ààlà. Ní 14 Oṣù Kẹwàá 2025 ni Microsoft dẹ́kun àtìlẹ́yìn fún Windows 10, Windows 11 kò sì fọwọ́ sí Intel tó ṣáájú ìran kẹjọ yàtọ̀ sí ìwọ̀nba díẹ̀. Àwọn ọmọ Ìkẹjà mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọgbọ́n gbé e sórí ìran kẹrin. Á ṣiṣẹ́ o, àmọ́ Microsoft kò jẹ yín ní gbèsè kankan lọ́jọ́ tí àtúnṣe tuntun bá dà á rú. Ẹni tó bá ń lo Linux, ètò mìíràn tó ń rọ́pò Windows, kò ní kó fi èyí ṣe ìdààmú.

Ta ló wá yẹ kó tò ó fúnra rẹ̀?

Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò lè ṣe láìsí graphics card gidi: ẹni tó ń gé fídíò, ayàwòrán ilé, ẹni tó ń ṣe àwòrán 3D, àti àwọn onígéèmù. Ohun tó fà á ni pé ihò tí wọ́n ń ki graphics card bọ̀ lórí motherboard kò lè fún un ní iná ju 75W lọ. Èyí tó bá ń jẹ jù bẹ́ẹ̀ nílò wáyà mìíràn láti inú power supply, bẹ́ẹ̀ power supply inú OptiPlex tẹ́ẹ́rẹ́ kì í sábà ní wáyà yẹn. Graphics card RTX 3060 ń jẹ tó 170W, ẹ kò lè gbé e síbẹ̀. RTX 3050 oní-6GB tó jáde ní 2024 ń jẹ 70W péré, ìyẹn lè wọ̀ ọ́ bí ẹ bá rí èyí tí wọ́n ṣe ní kúkurú. Ibi tí tòkunbọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ lè gbé yín dé nìyẹn.

Àwọn yòókù, ẹni tó ń ṣe ìṣirò owó, oní-business centre, akẹ́kọ̀ọ́, òṣìṣẹ́ ìjọ, ẹni tó ń kọ̀wé, kí wọ́n ra tòkunbọ̀ ìran kẹjọ tó ní SSD àti RAM 16GB, kí wọ́n fi owó tó kù ra bátìrì. Mo mọ̀ pé àwọn tó fẹ́ràn títò máa ní mo ń ba ayé jẹ́. Kò burú. Ẹni tó bá fẹ́ tò ó torí pé ó ń gbádùn rẹ̀ kò nílò kí n fún un láàyè.

Iná ńkọ́?

Mo rò pé ibí ló yẹ kí ọ̀pọ̀ nínú wa ti bẹ̀rẹ̀ ìṣirò. Kọ̀ǹpútà kékeré bíi OptiPlex Micro ń lo ṣájà bíi ti láptọ́ọ̀pù. Tí ẹ kò bá fi ṣe iṣẹ́ tó wúwo, òun àti mọ́nítọ̀ rẹ̀ lè má jẹ ju nǹkan bíi 50W lọ. Èyí tí ẹ tò fún géèmù tàbí fídíò lè jẹ 340W pẹ̀lú mọ́nítọ̀ nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́ lójú méjèèjì.

Ẹ gbé àwọn méjèèjì sórí inverter oní-bátìrì kan, 12V, 200Ah. Iye tí wọ́n kọ sí i jẹ́ 2400Wh, ṣùgbọ́n bátìrì olómi tàbí ti gel kì í fẹ́ kéèyàn fa á kọjá ìdajì, inverter fúnra rẹ̀ á sì jẹ díẹ̀ níbẹ̀. Ó kù bíi 1000Wh. Kékeré á fi ṣiṣẹ́ fún bíi ogún wákàtí, ńlá á fi ṣiṣẹ́ fún wákàtí mẹ́ta, ó tán. Ẹni tí àwọn NEPA ń fún níná déédéé lè máa rẹ́rìn-ín sí ìṣirò yìí. Ẹni tí kì í rí i tó, kó kà á lẹ́ẹ̀kan sí i kó tó ra graphics card.

Bó bá bàjẹ́, ta ni mo máa mú?

Tuntun láti ọ̀dọ̀ aṣojú iléeṣẹ́ sábà máa ń ní wáráńtì ọdún kan, ẹnì kan ṣoṣo lẹ sì máa bá sọ̀rọ̀. Ti tòkunbọ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu ọlọ́jà ni, ọ̀sẹ̀ mélòó kan tàbí oṣù kan. Ti àtòfúnra-ẹni ló díjú: ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ní wáráńtì tirẹ̀, power supply dáadáa míì tilẹ̀ ní ti ọdún mẹ́wàá, ṣùgbọ́n èyí tí àbúrò yín rà wá láti Lọ́ńdọ̀nù lè ní láti padà sí Lọ́ńdọ̀nù kí wọ́n tó pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ̀yin náà lẹ máa kọ́kọ́ mọ èwo nínú wọn ló dá ẹ̀ṣẹ̀.

Ṣé títò rẹ̀ le?

Kò le. Screwdriver kan àti ìrọ̀lẹ́ kan tó. Yíyàn ló le, torí pé kì í ṣe gbogbo ẹ̀yà ló bára mu: RAM DDR4 kì í wọ ihò DDR5, processor Intel kì í wọ ihò AMD, iléeṣẹ́ mìíràn tó ń ṣe processor. Processor Intel tí F wà ní ìparí orúkọ rẹ̀, bíi i5-12400F, kò lè gbé àwòrán jáde láìsí graphics card. Ọ̀pọ̀ ló ti rà á torí pé ó dínwó, tí mọ́nítọ̀ wá dúdú. Tí ẹ kò bá tíì ní owó graphics card, processor Ryzen 5 5600G ti AMD á gbé yín fún ìgbà díẹ̀, ó ní tirẹ̀ nínú.

Ibi tí ẹ kò gbọ́dọ̀ ti ṣahun ni power supply. Wọ́n ń ta kéèsì kan tó ní power supply 500W nínú lówó pọ́ọ́kú. Ẹ gbé power supply ọ̀hún lọ́wọ́: ó fúyẹ́ bí ìgbá òfìfo. Iná tó ń lọ sókè sódò ló máa pa á, tó bá sì ń kú lọ, ó lè mú motherboard dání. Àmì 80 Plus dára, ṣùgbọ́n ìwọ̀n iná tó ń ṣòfò ló ń sọ, kì í ṣe pé kò lè jóná. Ẹ ra èyí tí orúkọ iléeṣẹ́ rẹ̀ hàn gbangba, kí ẹ sì fi UPS tó ń tún iná ṣe sẹ́yìn rẹ̀.

Ọlọ́jà kan ní òun máa bá mi tò ó. Ṣé kí n jẹ́ kó ṣe é?

Ẹ jẹ́ kó ṣe é, ṣùgbọ́n kí ó ṣe é lójú yín, kí ẹ sì gba gbogbo páálí ẹ̀yà náà lọ sílé. Ẹni tó bá ní kí ẹ lọ kí ẹ padà wá lọ́la, ẹ má ṣe san gbogbo owó fún un.

Tó bá jẹ́ tòkunbọ̀ ni mo máa rà, kí ni kí n yẹ̀ wò ní ìsọ̀?

Ẹ tàn án fúnra yín, kí ẹ wọ BIOS lọ, ìyẹn ètò tó ń jí kọ̀ǹpútà kí Windows tó wọlé. Bó bá bèèrè ọ̀rọ̀ aṣínà tí ọlọ́jà kò mọ̀, ẹ fi í sílẹ̀, torí iléeṣẹ́ tó ni ín tẹ́lẹ̀ ló ti í pa. Bí aago rẹ̀ bá wà ní ọdún 2018, ẹ má bẹ̀rù, bátìrì kékeré CR2032 ló kú, owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Ẹ fi ètò kan tó ń jẹ́ CrystalDiskInfo wo ìlera SSD àti iye wákàtí tó ti lò. SSD tuntun tí orúkọ rẹ̀ ṣàjèjì nínú kọ̀ǹpútà tí ó ti pé ọdún méje, ìsọ̀ ni wọ́n ti fi í sí i; ẹ bèèrè èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ fún bí ìdajì wákàtí nígbà tí ẹ ń dúnàádúrà, pẹ̀lú fídíò kan lójú rẹ̀, kí ẹ máa gbọ́ bí fáànù ṣe ń ké. Kí wọ́n sì kọ serial number rẹ̀ sórí rìsíìtì. "Kọ̀ǹpútà kan, owó rẹ̀ pé" kò tó láti fi bá ẹnikẹ́ni jà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì.