Owó Hánúkà: ẹnu ọ̀nà aládùúgbò ló ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ààfin

Tẹ́ ẹ bá ti rí àwọn ọmọ Júù lásìkò ọdún Hánúkà, ẹ ó ti rí i pé wọ́n máa ń fún wọn ní owó wẹ́wẹ́, tàbí ṣokoléètì róbótó pẹlẹbẹ tí wọ́n fi bébà aláwọ̀ wúrà wé, bíi kọ́ìnì gẹ́lẹ́. Gelt ni wọ́n ń pè é. Ọdún yìí náà ni Bíbélì wa pè ní Àjọ̀dún Ìyàsímímọ́ nínú Jòhánù orí 10, níbi tó ti sọ pé ìgbà òtútù ni. Ibi tí owó yẹn ti wá gan-an ni mo fẹ́ sọ, torí àlàyé tí wọ́n ń gbé kiri jù lórí ẹ̀ ò tẹ́ mi lọ́rùn rárá.

Wọ́n ní àwọn Mákábì, ìyẹn ìdílé àlùfáà Júù kan tó ń jẹ́ Mattathias, ló fà á. Wọ́n ṣẹ́gun Antiochus, ọba Gíríìkì tó ń jọba ní Síríà, wọ́n tún Tẹ́ḿpìlì yà sí mímọ́ ní ọdún 164 ṣáájú ìbí Kristi, nígbà tó yá wọ́n wá ń rọ owó tiwọn, ni kọ́ìnì bá di àmì òmìnira. Ó dùn-ún gbọ́ o, ṣùgbọ́n ayé John Hyrcanus, ọmọ ọmọ Mattathias, ni owó yẹn tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, ìyẹn lẹ́yìn bí ọgbọ̀n ọdún. Owó ìjọba ni, owó ọjà ni, kò kan ọmọdé.

Fìtílà tí wọ́n ń tàn nígbà Hánúkà ló yẹ ká wò. Nínú Talmud, ìwé àlàyé òfin àwọn Júù, Rava, rábì kan ní Bábílónì, dá ìbéèrè kan sílẹ̀: ẹni tówó ọwọ́ ẹ̀ ò tó nǹkan, ṣé òróró fìtílà Hánúkà ni kó rà ni àbí wáìnì Ọjọ́ Ìsinmi (Sábáàtì)? Rava ní kó ra òróró, torí fìtílà yẹn ló ń kéde iṣẹ́ ìyanu òróró ọjọ́ kan tó jó fún ọjọ́ mẹ́jọ fáyé gbọ́. Nígbà tó di sẹ́ńtúrì kejìlá, Maimonides, ọ̀mọ̀wé òfin Júù, tún wá le sí i, ó ní ẹni tó jẹ́ pé ìtọrẹ àánú ló fi ń jẹun pàápàá, kó tọrọ tàbí kó ta aṣọ ọrùn ẹ̀ kó fi ra òróró àti fìtílà. Ẹ gbọ́ ná, tí òfin bá ti ní kí aláìní lọ tọrọ, ṣé kò ti di dandan fún aládùúgbò ẹ̀ láti fún un ni? Fìtílà kan ni wọ́n ń tàn lálẹ́ àkọ́kọ́, méjì lálẹ́ kejì, títí dé mẹ́jọ, gbogbo ẹ̀ jẹ́ 36 láìka èyí tí wọ́n fi ń tanná ran àwọn tó kù. Níbo ni tálákà á ti rówó ìyẹn? Lójú tèmi o, láti ayé Bábílónì yẹn ni àwọn èèyàn á ti máa rọra fi kọ́ìnì kan méjì sọ́wọ́ ara wọn kí ilé ẹnikẹ́ni má bàa ṣókùnkùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nǹkan báyìí kì í sábà wọ ìwé.

Ẹlẹ́rìí mi tó lágbára jù ni rábì Abraham Gombiner tó gbé ní Kalisz ní Pólàǹdì ní sẹ́ńtúrì kẹtàdínlógún. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé àṣà ni káwọn ọmọkùnrin aláìní máa lọ tọrọ láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà nígbà Hánúkà. Ọmọdé nìyẹn, owó nìyẹn, Hánúkà náà nìyẹn, kí la tún ń wá?

Ọ̀dọ̀ àwọn tíṣà ló kàn. Owó oṣù tíṣà ọmọdé ò tó nǹkan láyé ìgbà yẹn, làwọn òbí bá ń fi owó rán ọmọ sí i tí Hánúkà bá dé, ẹ sì mọ ọmọdé, tó bá ti gbé owó lọ fún ẹlòmíì á fẹ́ gba tiẹ̀ náà. Hánúkà àti ḥinukh tó túmọ̀ sí ẹ̀kọ́, gbòǹgbò kan náà ni wọ́n ti wá nínú èdè Hébérù. Gelt ní tiẹ̀, Yídíìṣì ni, owó náà ló túmọ̀ sí, àwọn ará Jámánì ń pè é ní Geld. Maimonides yìí kan náà ló sọ bí tíṣà ṣe ń fa ojú ọmọ mọ́ra, á ní kàwé kí n fún ẹ ní èso ọ̀pọ̀tọ́ tàbí oyin díẹ̀, tọ́mọ bá dàgbà díẹ̀ á di bàtà tàbí aṣọ, lẹ́yìn náà á di dínárì kan tàbí méjì. Kì í ṣe Hánúkà ló ń sọ níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n nǹkan dídùn àti owó ti ń rìn pọ̀ tipẹ́.

Àwọn Hásídì kan (ẹgbẹ́ ẹlẹ́sìn Júù tó máa ń tẹ̀ lé òfin gan-an) máa ń fún ọmọ lówó lálẹ́ karùn-ún, torí alẹ́ yẹn ò lè bọ́ sí Ọjọ́ Ìsinmi láé, ọjọ́ tí wọn kì í fọwọ́ kan owó.

Ti ṣokoléètì ò pẹ́ rárá. Ilé iṣẹ́ Loft's ní New York ló ń ṣe é láàárín ọdún 1920 sí 1930. Àwọn kan ní ọ̀dọ̀ àwọn ará Netherlands, tó máa ń fún ọmọdé ní irú kọ́ìnì bẹ́ẹ̀ lọ́dún Saint Nicholas, ni wọ́n ti rí i, ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ o, ṣùgbọ́n bébà tí wọ́n fi wé e nìyẹn, kì í ṣe àṣà yẹn fúnra ẹ̀. Ní 1958 báńkì ìjọba Ísírẹ́lì náà wá rọ kọ́ìnì Hánúkà, wọ́n ya ọ̀pá fìtílà tó wà lára owó Mattathias Antigonus, ọba Mákábì tó jẹ kẹ́yìn, sí i lára.

Nílé ọ̀pọ̀, ọmọ tó bá gba owó gidi á kọ́kọ́ yọ díẹ̀ sínú àpótí tzedakah (ọ̀rọ̀ yìí àti sadaka àwọn Lárúbáwá, níbi tí sàráà tiwa ti wá, ọmọ ìyá ni wọ́n), kó tó lọ fi èyí tó kù ta dreidel, ìyẹn òkòtó wọn, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀.