Ẹrù tọ́ọ̀nù kan: bí àwọn awawúrà ṣe ń dé Klondike

Oṣù kẹjọ ọdún 1896 ni wọ́n rí wúrà nínú odò kékeré kan tó ń ṣàn wọ odò Klondike, ní Yukon, ilẹ̀ Kánádà. Nígbà tí ọkọ̀ ojú omi kó wúrà ọ̀hún dé Amẹ́ríkà ní oṣù keje ọdún 1897, nǹkan bí 100,000 ènìyàn ló gbéra. Àwọn tó dé Dawson, ìlú tó wà nítòsí ibi tí wúrà náà wà, kò ju 30,000 sí 40,000 lọ. Òtútù mú wọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹrù gan-an ló sọ ọ̀nà náà di ogun.

Kò sí oúnjẹ ní Yukon tó lè tó irú èrò bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ni àwọn ọlọ́pàá Kánádà ṣe dúró lórí òkè níbi ààlà: ẹni tí kò bá ní oúnjẹ ọdún kan kò ní kọjá. Fúláwà, ẹ̀wà, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ oníyọ̀. Bí a bá fi àgọ́, ayùn, ṣọ́bìrì àti ìṣó kún un, ó di nǹkan bíi tọ́ọ̀nù kan.

Olówó a máa háyà alábàárù láàárín àwọn Tlingit, àwọn onílẹ̀ ibẹ̀, tó mọ iye ẹ̀yìn ara wọn, tí wọ́n sì ń gbowó bí ẹrù bá ṣe wúwo tó. Ẹni tí kò ní owó a gbé bíi kílò 30, a rìn síwájú díẹ̀, a sọ ọ́ kalẹ̀ sínú yìnyín, a padà lọ gbé òmíràn. Bó bá kó gbogbo rẹ̀ débẹ̀ tán, a tún bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Láti Dyea létí òkun dé adágún Bennett kò ju máìlì 33 lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbẹ́rù lọ nígbà ọgbọ̀n, tó sì padà lọ́wọ́ òfo nígbà mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, ti rin máìlì tó lé ní 1,900.

Ibi tó le jù ni ṣóńṣó òkè Chilkoot. Àtẹ̀gùn 1,500 ni wọ́n gbẹ́ sára yìnyín, èrò sì ń gùn ún lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹsẹ̀ ń tẹ̀lé ẹsẹ̀. Ẹni tó bá yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó lè mí, ó lè pẹ́ kó tó ráyè wọlé padà. Bí wọ́n bá ti sọ ẹrù lókè, ìdí ni wọ́n fi ń yọ̀ wá sísàlẹ̀. Eré kan ṣoṣo tó wà nínú iṣẹ́ náà nìyẹn. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹrin ọdún 1898, yìnyín ya lulẹ̀ lára òkè, ó pa ènìyàn tó lé ní 60. Àwọn tó gba White Pass, ọ̀nà òkè mìíràn, fi ẹṣin kó tiwọn. Nǹkan bí 3,000 ẹṣin ló kú síbẹ̀.

Ní Bennett ni wọ́n ti ń gégi, tí wọ́n ń la pákó, tí wọ́n ń kan ọkọ̀. Nígbà tí adágún yọ́ ní ìparí oṣù karùn-ún, ọkọ̀ tó lé ní 7,000 ló ṣí, wọ́n gba ojú omi lọ sí Dawson.

Wọ́n dé Dawson, wọ́n bá a pé àwọn tó ti wà nítòsí láti 1896 ti fi igi sàmì sí gbogbo ilẹ̀ tó dára. Ọ̀pọ̀ nínú wọn di lébìrà lórí ilẹ̀ onílẹ̀: wọn a dáná sórí ilẹ̀ tó dì gbagidi lóru, wọn a gbẹ́ èyí tó bá rọ̀ láàárọ̀, wọn a kó o jọ títí omi yóò fi ṣàn tí wọ́n á lè fọ wúrà jáde, fún ẹlòmíràn.